Ìwé Ìwọkọ̀ Ọ̀fẹ́ Kì í Ṣe Ohun Àyálò

Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn bá àwọn ará ìlú sọ ní yàrá ìkàwé, Ìyàrá, ilẹ̀ Ìjùmú

   

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn lójú àwọn kan nínú yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwé ìwọkọ̀ ọ̀fẹ́ ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni. Ẹlòmíràn lè wí pé, “Kí ni ó kàn mí nínú ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, èmi tí ìrìn àjò mi kò ju Kàbà àti Lọ́kọ́jà lọ?” Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wo agbo ilé rẹ̀. Agbára káká ni a ó fi rí agbo ilé kan ní ilẹ̀ Òkun yìí, ìbáà ṣe Ìjùmú, Ọwẹ́, Bùnú, Ìyàgbà tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, tí kò ní ọmọ tàbí ìbátan ní òkè òkun. Àwọn kan ta ilẹ̀, àwọn kan yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn mìíràn kó owó tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ọdún pípẹ́ jáde, kí ọmọ kan ṣoṣo lè rí físà gbà. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá di ẹlẹ́jọ́ nítorí owó ọkọ̀ kékeré, kì í ṣe òun nìkan ni ìyà náà yóò jẹ. Gbogbo ẹni tí ó dá owó sí ìrìn àjò rẹ̀ ni yóò pín nínú rẹ̀.

Ó tún kù. Àwọn ìyá wa pàápàá ń lọ. Bí ọmọ bá bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìyá a wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ tọ́jú ìkókó, a sì lo oṣù mélòó kan níbẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ó wà nílé, ó sì kan ẹni tí ó wà lájò.

OHUN TÍ ÌWÉ NÁÀ JẸ́

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba ṣe ètò kí àwọn ènìyàn kan lè máa wọ ọkọ̀ láìsan owó, tàbí kí wọ́n san díẹ̀ nínú iye tí ẹlòmíràn ń san. Ní ọdún 1973 ni ètò ọ̀fẹ́ ti àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀. Káàdì tí a ń pè ní Freedom Pass ni wọ́n ń lò báyìí. Àwọn tí ó ń gbé ìlú náà, tí wọ́n sì ti dé ọjọ́ orí tí ìjọba ibẹ̀ là sílẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì, ni ó ń gbà á. A sì ń fún àwọn abirùn kan pẹ̀lú. Láti ọdún 2012, àwọn tí ó ti pé 60 ọdún ṣùgbọ́n tí wọn kò tí ì dé ọjọ́ orí yẹn ní káàdì tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn ọmọdé náà ní tiwọn, tí a ń pè ní Zip. Láti ọdún 2005 ni àwọn tí kò tí ì pé ọdún 16 ti ń wọ bọ́ọ̀sì ìlú náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ yìí kò ní ẹni tí ó ń san án. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń san owó Freedom Pass fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀, nínú owó tí àwọn ará ìlú ń dá. Àwọn ará wa tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà lára àwọn tí ó ń dá a. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹ orúkọ àti àwòrán ẹni tí ó ni káàdì sí i lára. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà fún. Kì í ṣe ti ọkọ àti aya, kì í ṣe ti ìyá àti ọmọ, kì í sì í ṣe ti agbo ilé. Ẹni tí ó bá yá ẹlòmíràn ní káàdì rẹ̀ lè pàdánù rẹ̀, kí àwọn aláṣẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣò. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Bí ọ̀rọ̀ káàdì yìí ti rí gan-an nìyẹn.

BÍ ÀWỌN ÈNÌYÀN ṢE Ń BỌ́ SÍNÚ Ọ̀FÌN

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. N kò bá ẹnì kan pàtó wí.

Ìyá kan ti ilé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti tọ́jú ọmọ tuntun. Nígbà tí ó fẹ́ lọ sí ilé ìsìn ní ọjọ́ Àìkú, ìyá mìíràn tí ó jẹ́ ará ilé wa, tí ó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, sọ fún un pé, “Ẹ mú káàdì tèmi lọ, èmi kò jáde lónìí. Arúgbó ni ẹ̀yin náà, wọn kò ní béèrè.” Àánú ni ó ṣe é, kò sì ní èrò ibi. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó lọ kí ọmọ rẹ̀ kì í ṣe olùgbé ìlú náà, nítorí náà kò ní ẹ̀tọ́ sí káàdì náà, bí ó tilẹ̀ pé 80 ọdún. Orí ewú nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dàgbà. Ó ń gbé ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń mú káàdì ọmọ ẹ̀gbọ́n náà, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, láti fi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibi iṣẹ́ alẹ́. Òun rò pé òun ń ṣọ́ owó ná kí òun lè rí nǹkan fi ránṣẹ́ sílé.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Bàbá kan kú, wọ́n sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dá káàdì rẹ̀ padà. Ọmọ rẹ̀ fi í sí àpò, ó sì ń lò ó. Níjọ́ tí àṣírí bá tú, orúkọ bàbá tí ó ti sùn ni a ó máa pè ní iwájú kóòtù. Ṣé ohun tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ fún bàbá ẹni nìyẹn?

BÍ ỌWỌ́ ṢE Ń TẸ̀ WỌ́N

Àwọn kan ń wí pé ìlú náà tóbi, ẹnikẹ́ni kò mọ ẹnìkan. Ẹ má ṣe gbà wọ́n gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò wà ní ibùdókọ̀, wọ́n wà nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́ tí ó ń sọ irú káàdì tí ènìyàn mú dání. Bí ọ̀dọ́mọbìnrin ọdún 30 bá mú káàdì àgbàlagbà wá, kò sí ohun tí a lè fi bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ pàápàá ń tan iná àmì nígbà tí káàdì ẹ̀dínwó bá kọjá, kí òṣìṣẹ́ tí ó dúró níbẹ̀ lè wo ojú ẹni tí ó mú un. Kọ̀ǹpútà sì ń kọ gbogbo ìrìn tí a fi káàdì kọ̀ọ̀kan rìn sílẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Òfin tí wọ́n sábà ń lò fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ti pẹ́. Ọdún 1889 ni wọ́n ṣe é. Ó wí pé ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láìsan owó tí ó yẹ, tí ó sì jẹ́ pé ó ní i lọ́kàn láti yẹ owó náà sílẹ̀, ti ṣẹ̀ sí òfin. Adájọ́ lè bu owó ìtanràn tí kò ju pọ́n-ùn 1,000 lọ fún un, òfin náà sì mẹ́nu kan ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 3 lọ. Òfin kan náà wí pé ẹni tí ó bá fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní orúkọ èké tàbí àdírẹ́sì èké kí ó má baà san owó ti dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ilé iṣẹ́ tí ó ń bójú tó ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, tí a ń pè ní Transport for London, ní àwọn òfin kéékèèké tirẹ̀. Àwọn òfin wọ̀nyí kò béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn ènìyàn. Bí a bá bá ọ nínú ọkọ̀ láìní ìwé tí ó tọ́ sí ọ, ó ti tó. Ẹ di ìyàtọ̀ yìí mú dáadáa. Nínú òfin ọdún 1889, olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni náà pète láti yẹ owó sílẹ̀. Nínú òfin kéékèèké, kò di dandan. Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí ẹlẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ wò nínú ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i ni irú òfin tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́.

Owó ìtanràn nìkan kọ́ ni yóò san. Yóò san owó ọkọ̀ tí kò san, yóò san lára owó tí olùpẹ̀jọ́ ná sí ẹjọ́, yóò sì san owó kan tí ilé ẹjọ́ ń gbà láti fi ṣe ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí a ti ṣẹ̀. Ní ọdún 2025, owó bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ pọ́n-ùn 1 àti pẹ́nsì 75, ẹni tí ó bá sì san án lè wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láàárín wákàtí kan láìsan òmíràn. Ẹ fi èyí wé ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn tí ẹjọ́ lè gbà lọ, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá èrè wà níbẹ̀.

BÍ ẸJỌ́ BÁ TI DÉ

Mo mọ̀ pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ẹnìkan yóò wá bá mi ní kọ̀rọ̀, yóò ní, “Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa.” Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ fara balẹ̀ níhìn-ín.

Èkínní. Bí òṣìṣẹ́ bá dá ọ dúró, má ṣe sá, má ṣe jà, má ṣe bú ènìyàn. Sọ orúkọ rẹ gan-an àti ibi tí o ń gbé gan-an. Òṣìṣẹ́ náà yóò gba káàdì náà, yóò sì kọ ohun tí o bá sọ sílẹ̀. Yóò kìlọ̀ fún ọ pé kò di dandan kí o sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n pé ohun tí o bá sọ lè di ẹ̀rí. Bí o bá sọ̀rọ̀, òtítọ́ ni kí o sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò jìyà púpọ̀ nítorí káàdì bí wọ́n ti jìyà nítorí irọ́ tí wọ́n fi bò ó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Èkejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà lè dé láti béèrè àlàyé. Má ṣe fi í sí abẹ́ ìrọ̀rí. Àwọn kan a máa rò pé bí àwọn kò bá dáhùn, ọ̀rọ̀ náà yóò kú fúnra rẹ̀. Kò ní kú. Kọ èsì kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, tọrọ àforíjì bí o bá jẹ̀bi, sọ ipò tí o wà, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́ tàbí o ní ọmọ kékeré, kí o sì sọ pé o ṣe tán láti san owó ọkọ̀ náà àti ìnáwó wọn. O lè bẹ̀ wọ́n kí a parí ọ̀rọ̀ náà sí ìta kóòtù. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan a máa gbà nígbà mìíràn, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àánú ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Wọ́n lè kọ̀.

Ẹ̀kẹta. Bí wọ́n bá kọ̀, ìwé kóòtù yóò dé. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ní ọ̀nà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí adájọ́ májísíréètì kan ṣoṣo fi ń ka ìwé ẹjọ́ kéékèèké láìsí pé ẹlẹ́jọ́ wá síwájú rẹ̀. Ọjọ́ 21 ni wọ́n ń fún ènìyàn láti fi èsì ránṣẹ́ bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Bí kò bá fèsì, adájọ́ lè dá a lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì bu owó fún un láìmọ iye tí ó ń wọlé fún un. Bí ó bá fẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní gbangba, ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin. Bí o bá jẹ̀bi lóòótọ́, tètè gbà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Òwe yìí bá ìlànà ilé ẹjọ́ wọn mu, nítorí pé ẹni tí ó bá gba ẹ̀bi ní kùtùkùtù lè rí ẹ̀dínwó tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìtanràn. Kọ iye tí ó ń wọlé fún ọ sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, nítorí pé iye yẹn ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó ìtanràn. O sì lè bẹ̀bẹ̀ láti san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o kò bá jẹ̀bi, má ṣe gba ẹ̀bi nítorí ìbẹ̀rù. Bí ó bá jẹ́ pé lábẹ́ òfin ọdún 1889 ni wọ́n pè ọ́, tí o kò sì pète láti yẹ owó sílẹ̀, wá ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò kí o tó fi ọwọ́ sí ìwé kankan. Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yé ẹlẹ́jọ́ dáadáa, kóòtù gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ fún un láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún. Bí ìwé náà kò bá dé ọwọ́ rẹ, bóyá nítorí pé o ti kó kúrò ní ilé àtijọ́, tí o kàn gbọ́ pé a ti dá ọ lẹ́bi, má ṣe sọ ìrètí nù. O lè lọ búra níwájú kóòtù pé o kò gbọ́ nípa ẹjọ́ náà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 21 tí o gbọ́ ni kí o ṣe é.

Ẹ̀kẹfà. Má ṣe gbé owó fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun mọ ènìyàn kan tí yóò pa fáìlì náà rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan wà ní ibẹ̀ tí a ń pè ní Citizens Advice, láti ọdún 1939 ni ó ti wà. Kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá ìmọ̀ràn. Ibẹ̀ ni kí ènìyàn kọ́kọ́ lọ.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ỌDÚN 2024

Ó yẹ kí ẹ tún gbọ́ èyí, kí ẹ lè mọ̀ pé ìwé kóòtù kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú lásán wò. Ní oṣù August, ọdún 2024, olórí àwọn adájọ́ májísíréètì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan ti gbé ẹjọ́ òfin ọdún 1889 gba ọ̀nà adájọ́ kan ṣoṣo yẹn, nígbà tí òfin kò fún wọn láyè láti gbà á bẹ́ẹ̀. Nítorí ìdí èyí, a ka ìdálẹ́bi àwọn ènìyàn tí ó lé ní 74,000 sí òfo. Nínú wọn ni a ti rí ẹni tí ó ti san owó, tí ó ti sunkún, tí ó sì ti gbà pé kò sí ohun tí òun lè ṣe.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Ìkínní ni pé alágbára pàápàá lè ṣi ọ̀nà gbà, nítorí náà kí ẹlẹ́jọ́ ka ìwé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó sì fi í han ẹni tí ó mọ òfin. Ìkejì ni pé òfin ibẹ̀ ń mú ẹni ńlá bí ó ti ń mú ẹni kékeré, bí ẹnìkan bá ti lè fara balẹ̀ béèrè.

ÌYÀ TÍ Ó Ń TẸ̀LÉ ÌDÁLẸ́BI

Àwọn ènìyàn sábà máa ń rò pé bí a bá ti san owó ìtanràn, ọ̀rọ̀ ti tán. Lójú òfin ilẹ̀ náà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974, ẹni tí a bu owó fún kò ní í sọ ọ́ mọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbanisíṣẹ́ lẹ́yìn oṣù 12. Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ kan, bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí àwọn ọmọ wa ń ṣe púpọ̀, lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ físà sì wà lọ́tọ̀ pátápátá. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún físà ṣe, tàbí tí ó fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ náà, gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ìdálẹ́bi rẹ̀, àtèyí tí ó ti pẹ́ àtèyí tí ó kéré. Owó ìtanràn kan lè má dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi í pamọ́ tí wọ́n sì rí i, ẹ̀sùn ẹ̀tàn ni yóò dà, wọ́n sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10. Ìyá tí ó lọ kí ọmọ rẹ̀ lè ṣàìrí físà mìíràn gbà láti lọ wo ọmọ-ọmọ tí ó tẹ̀lé e.

Ẹ má ṣe rò pé tálákà nìkan ni ó ń ṣe irú èyí. Ní ọdún 2014, ọ̀rọ̀ ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ owó ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù di ìròyìn káàkiri. Láti ìgbèríko ni ó ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí ibi iṣẹ́; owó ọ̀nà náà lé ní pọ́n-ùn 21, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó dá jẹ́ kí ó máa san pọ́n-ùn 7 àti díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó san nǹkan bí pọ́n-ùn 43,000 padà, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ìta kóòtù. Kò ṣẹ̀wọ̀n, adájọ́ kò sì dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, àjọ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ owó ní ilẹ̀ náà wí pé ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a ń fi owó ará ìlú lé lọ́wọ́, wọ́n sì lé e kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ẹ ò rí i pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.

ÀWÁWÍ KAN TÍ A MÁA Ń GBỌ́

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé, “Òyìnbó kó epo wa, wọ́n kó kòkó wa, wọ́n kó ère wa lọ. Kí ni bọ́ọ̀sì kan tí ọmọ wa wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?” Ọ̀rọ̀ yìí dùn-ún gbọ́, a sì lè fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ẹni tí ó jìyà nígbà tí ọwọ́ bá tẹ ọmọ náà. Kì í ṣe àwọn tí ó kó ère lọ. Ọmọ náà ni, àti ìyá rẹ̀ tí ó wà nílé tí ó ń san owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Arúgbó ará ilé wa tí ó yá a ní káàdì sì jìyà pẹ̀lú, bí wọ́n bá gba ohun tí ó fi ń lọ sí ilé ìwòsàn àti ilé ìsìn lọ́wọ́ rẹ̀. A kò lè fi ọwọ́ ara wa lu ara wa kí a sì pè é ní ẹ̀san.

NÍ ILÉ WA NÍHÌN-ÍN

Kí ẹ má ṣe rò pé òkè òkun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí mọ sí. Ọkọ̀ ojú irin ti wà ní ìpínlẹ̀ Kogi wa yìí. Ọ̀nà irin láti Ìtakpẹ́ dé Warri, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987, ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ní ọdún 2020, àwọn ará wa sì ń wọ̀ ọ́. Ní ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná, nígbà tí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní oṣù December, ọdún 2022, lẹ́yìn ìkọlù búburú ti oṣù March ọdún náà, wọ́n fi í ṣe òfin pé ẹni tí yóò ra ìwé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ wá. Ìdí rẹ̀ ni kí a lè mọ ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ gan-an. Bí ewu bá dé, tí ó jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ni o fi wọlé, ta ni yóò wá ọ kàn? Àwọn ará ilé rẹ yóò máa wá ọ, orúkọ rẹ kò sì ní sí nínú ìwé.

Ní àkókò Kérésì ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí àwọn arìnrìn-àjò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn kan bá gba ìwé ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ pamọ́ láti tà á fún ẹlòmíràn, wọ́n ti gba oúnjẹ lẹ́nu opó àti akẹ́kọ̀ọ́ tí a torí wọn ṣe é. Ibi tí a ti ń fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ṣeré nílé ni ọmọ ti ń kọ́ ọ lọ sí òkè òkun. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá tún bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ẹ má ṣe béèrè owó nìkan. Ẹ bi wọ́n pé, “Káàdì ta ni o fi ń wọ ọkọ̀?” Bí ó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ ní kí ó dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹjọ́ kan bá wà nílẹ̀ tí ó ń fi pamọ́ fún yín nítorí ìtìjú, ẹ má ṣe fi èébú pàdé rẹ̀, kí ó lè sọ ọ́ kí ọjọ́ 21 náà tó kọjá.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń múra láti lọ tọ́jú ìkókó, bí ẹnikẹ́ni bá na káàdì tirẹ̀ sí yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dá a padà. Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó lọ́wọ́ ènìyàn mọ́ láti ọdún 2014. Nítorí náà, ẹ sọ fún ọmọ yín kí ó ra káàdì Oyster fún yín, kí ó sì fi owó sí i. Èyí kò nira rárá. Ẹ ó jókòó nínú ọkọ̀ yín pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, bí òṣìṣẹ́ bá sì dé, ẹ ó na káàdì yín sí i láìgbọ̀n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbèrò àtilọ, ẹ rántí pé ọ̀nà tí ó gbé yín lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó là á fún yín. Ẹ má ṣe fi owó bọ́ọ̀sì dí i mọ́ àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tí ó bá ní ìwé ẹjọ́ kankan lọ́wọ́ tí kò yé e, kí ó mú un wá. Èmi àti àwọn olùkọ́ yóò bá a kà á, a ó sì sọ ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ fèsì fún un.

 Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa nílé àti lájò.